Ẹ̀yìn Ilé Kò Sí Nínú Fọ́tò: Àwòṣe Ilé Àtijọ́ Èkó gẹ́gẹ́ bí Ọ̀nà Ìwádìí Ìtàn, láti Ìddó dé Kétu

Ìfáàrà

Ní ọjọ́ kọkànlá oṣù Kẹsàn-án ọdún 2016, wọ́n wó Ilojo Bar lulẹ̀ ní ìtòsí gbàgede Tinúbú ní Erékùṣù Èkó. Ìdílé Fernandez, tí í ṣe Àgùdà, ló ni ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì náà nígbà tí wọ́n kọ́ ọ ní nǹkan bí ọdún 1855. Ní ọdún 1956, ìjọba kéde rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ohun ìrántí orílẹ̀-èdè. Ọgọ́ta ọdún ni orúkọ yìí fi wà lára ilé náà kí ó tó di òkìtì.

Fọ́tò Ilojo Bar kò wọ́n. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ló fi ojú ilé hàn: ẹnu ọ̀nà tí orí wọn tẹ̀ bí ọrun ọdẹ, òpó, àti ọnà tí bíríkìlà fi yí fèrèsé ká. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá mú páálí àti abẹ, tó ní òun fẹ́ tún ilé náà kọ́ ní kékeré, àwọn fọ́tò wọ̀nyí yóò tètè dá a dúró. Báwo ni ògiri ẹ̀yìn ṣe rí? Níbo ni àtẹ̀gùn wà? Fèrèsé mélòó ló wà ní ẹ̀gbẹ́ tí ilé kejì bò? Ìwé ìtàn lè fo ìbéèrè wọ̀nyí kí òǹkàwé má sì fura. Ẹni tó ń fi páálí kọ́lé kò lè fò wọ́n, nítorí ilé tí ògiri rẹ̀ kò pé kò ní gba òrùlé.

Iṣẹ́ ọwọ́ yìí, ìyẹn kíkọ́ àwòṣe ilé ìlú àtijọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ojú irin kékeré, ni àròkọ yìí gbé yẹ̀ wò. Èrò tó gbé kalẹ̀ ni pé iṣẹ́ náà kì í ṣe eré ọwọ́dilẹ̀ lásán: ó jẹ́ ọ̀nà tí a lè gbà dán ẹ̀rí ìtàn wò. Ibi tí ẹ̀rí bá ti tán lọ́wọ́ ẹni tó ń kọ́ àwòṣe, ibẹ̀ gan-an ni ìtàn àwọn tí ìwé kò dárúkọ sábà máa ń wà: ẹ̀yìn ilé, ọ̀dẹ̀dẹ̀ àárín, ibi ìdáná. Àlàyé bẹ̀rẹ̀ láti Ìddó, níbi tí ojú irin Èkó ti bẹ̀rẹ̀. Ó parí sí Kétu, tí ojú irin náà kò gbà kọjá, ṣùgbọ́n tí ètò inú ilé àtijọ́ ṣì wà níbẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ wọ̀n ọ́n.

Ìddó àti Ìlú tó Wà Níwájú Rẹ̀

Ọdún 1896 ni iṣẹ́ ojú irin bẹ̀rẹ̀ láti Ìddó. Irin náà dé Ìbàdàn ní ìparí ọdún 1900, wọ́n sì ṣí i fún ìrìn àjò ní oṣù Kẹta ọdún 1901. Ní ọdún 1901 kan náà ni afárá Carter so Ìddó pọ̀ mọ́ Erékùṣù. Nígbà tó di ọdún 1902, tíráàmù tó ń fi èéfín rìn bẹ̀rẹ̀ sí í gba orí afárá náà kọjá wọ ìlú, kò sì dáwọ́ dúró pátápátá títí di ọdún 1933. Ẹni tó bá ti òkè dé sí Ìddó láàárín ọdún wọ̀nyí yóò rí ìlú kan tí oríṣiríṣi ọwọ́ ti kọ́. Mọ́sáláàsì Shitta-Bey ti wà láti ọdún 1894. João Baptista da Costa, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá kọ́lékọ́lé Àgùdà, ló kọ́ ọ. Ilé Àgùdà tò ní Pópó Àgùdà àti àyíká rẹ̀. Ní Èbúté Mẹ́ta, nínú ọgbà àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ti wà láti ọdún 1898. Ilé yìí ni a mọ̀ sí Jaekel House lónìí, ní ìrántí Francis Jaekel, òṣìṣẹ́ rélùwéè tó kọ ìtàn ojú irin Nàìjíríà. Ẹgbẹ́ Legacy tún un ṣe, ó sì di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé.

Ìpinnu àkọ́kọ́ tí ẹni tó ń kọ́ àwòṣe irú ìlú bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣe kò kan páálí tàbí gúlúù. Ọdún ló gbọ́dọ̀ yàn. Òpìtàn lè kọ̀wé pé «ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún», kí ó sì máa bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ. Lórí tábìlì àwòṣe, kò sí «ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún». Yálà irin tíráàmù wà lórí afárá, tàbí kò sí níbẹ̀. Ọdún 1933 fúnra rẹ̀ jẹ́ àpẹẹrẹ tó yanjú. Ọdún náà ni tíráàmù kógbá wọlé. Ọdún náà sì ni Alfred Omolana Olaiya ra ilé àwọn Fernandez, tí ilé náà fi bọ́ sọ́wọ́ ìdílé Olaiya. Àwòṣe ọdún 1932 àti ti ọdún 1934 kò lè jọra, bí ògiri kan kò tilẹ̀ yẹ̀ nínú ilé náà. Ẹni tó bá kọ tíráàmù àti orúkọ Olaiya sí ojúlé kan náà ti pa ìtàn pọ̀, gbogbo ẹni tó bá sì mọ ọdún méjèèjì yóò rí i lẹ́ẹ̀kan náà. Èyí ni àǹfààní àkọ́kọ́ tí iṣẹ́ náà ní: kì í jẹ́ kí àṣìṣe rí ibi sá pamọ́ sí.

Òdiwọ̀n àti Òtítọ́ Méjì

Ìpinnu kejì ni òdiwọ̀n. Àlàfo tó wà láàárín irin méjì ní ojú irin Èkó àtijọ́ jẹ́ ẹsẹ̀ mẹ́ta àti ínǹṣì mẹ́fà, ìyẹn mìlímítà 1067. Irin kékeré tó wọ́pọ̀ jù ní ọjà àwọn tó ń ṣe ojú irin àwòṣe ní àlàfo mìlímítà 16.5. Bí a bá pín 1067 sí ọ̀nà 64, yóò fún wa ní 16.67, tí ìyàtọ̀ rẹ̀ sí 16.5 kò tó nǹkan. Ìdí nìyí tí àwọn kan ní Ọsirélíà àti New Zealand, tí ojú irin tiwọn náà jẹ́ ẹsẹ̀ mẹ́ta àti ínǹṣì mẹ́fà, fi ń kọ́ àwòṣe wọn ní òdiwọ̀n 1:64. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ Ìddó lè tẹ̀lé wọn láìyí ohunkóhun padà. Ohun tí ìjọba amúnisìn pín káàkiri ilẹ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀ ló mú kí òdiwọ̀n kan náà bá Èkó àti ìlú tó jìnnà bẹ́ẹ̀ mu.

Nígbà tí òdiwọ̀n bá ti dúró, ohun gbogbo yóò tẹ̀lé e. Ènìyàn tó ga ní ẹsẹ̀ márùn-ún àti ínǹṣì mẹ́jọ yóò di mìlímítà 27. Ẹnu ọ̀nà tó ga ní ẹsẹ̀ méje yóò di mìlímítà 33. Pánù tí ìgbì rẹ̀ jìnnà síra ní ínǹṣì mẹ́ta yóò ní ìgbì tó fi díẹ̀ ju mìlímítà kan lọ. Máìlì kan ṣoṣo yóò gba mítà 25 lórí ilẹ̀, kò sì sí yàrá tó gbà á. Nítorí náà ẹni tó ń kọ́ àwòṣe gbọ́dọ̀ yan èyí tí yóò wà àti èyí tí yóò fò. Òpìtàn náà ń yàn bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé ohun tí ẹni tó ń kọ́ àwòṣe fò máa ń fi àlàfo sílẹ̀ tí ojú lè rí.

Ọ̀rọ̀ òdiwọ̀n yìí kì í ṣe tuntun sí oníṣẹ́ ọnà Yorùbá, ṣùgbọ́n òfin tirẹ̀ yàtọ̀. Thomas Ona Odulate, ọmọ Ìjẹ̀bú tó ṣiṣẹ́ ní Èkó ní ìdajì àkọ́kọ́ ọ̀rúndún ogún, gbẹ́ àwọn òyìnbó aláṣẹ, agbẹjọ́rò àti oníwàásù ní ère kéékèèké, ó sì fi dúdú, funfun àti pupa nìkan kùn wọ́n. Nínú ère rẹ̀, bí ó ti rí nínú iṣẹ́ àwọn agbẹ́gilére Yorùbá mìíràn, orí tóbi ju bí òdiwọ̀n ara ṣe fẹ́ lọ, nítorí orí ló ṣe pàtàkì jù. Òdiwọ̀n agbẹ́gilére ń tẹ̀lé ìwúwo ohun nínú ìgbé ayé. Òdiwọ̀n 1:64 ń tẹ̀lé rúlà. Òtítọ́ ni àwọn méjèèjì ń wá. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá obìnrin kan lè gbé ìgbá ọjà rẹ̀ gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé kan kọjá láìfara kan ẹni tó ń bọ̀ níwájú, rúlà ni yóò dá a lóhùn.

Ojú Ilé, Ẹ̀yìn Ilé

Ilé Àgùdà kì í ṣe ilé tí ẹnì kan lè retí láti rà ní gígé sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń ta ilé àwòṣe ti Yúróòpù. Ọwọ́ ni yóò fi kọ́ ọ láti ìpìlẹ̀: páálí líle fún ògiri, pákó tẹ́ẹ́rẹ́ fún ìlẹ̀kùn àti fèrèsé, bébà àgolo tàbí páálí tí wọ́n tẹ ìgbì sí fún pánù. Àwọn ọmọdé Yorùbá tó ń fi àgolo mílíìkì àti páálí ṣe mọ́tò ti mọ ìdajì iṣẹ́ náà. Ìdajì kejì ni ẹ̀rí, òun ló sì le jù.

Ilé fúnra rẹ̀ jẹ́ ìwé fún ẹni tó mọ̀ ọ́n kà. Ọ̀dà máa ń borí ọ̀dà. Bí wọ́n bá rọra fi abẹ ha á ní igun kan, àwọ̀ àtijọ́ yóò yọ jáde ní ìpele ìpele, nígbà tí fọ́tò dúdú àti funfun kò lè sọ bóyá ògiri jẹ́ pupa rúsúrúsú tàbí aró. Ojú ibi tí ìṣó àtijọ́ wà lára igi àjà ń sọ bí pánù ìṣáájú ṣe tò. Ibi tí wọ́n ti fi bíríkì dí ẹnu ọ̀nà máa ń ya lára ògiri. Gbogbo nǹkan wọ̀nyí ń bá ilé lọ ní ọjọ́ tí wọ́n bá wó o. Lẹ́yìn ọjọ́ náà, fọ́tò ló kù, ojú ilé sì ni fọ́tò mọ̀.

Kì í ṣe èèṣì ni èyí. Ojú ilé ni onílé fi owó sí, ojú rẹ̀ ni ó kọ sí ìta, òun náà sì ni ayafọ́tò dúró sí iwájú rẹ̀. Ní ẹ̀yìn ni kànga, ilé ìdáná, ilé ìwẹ̀ àti okùn ìsáṣọ wà. Àwọn obìnrin, ọmọ ọ̀dọ̀, ìwọ̀fà àti ayálégbé ló lo ibẹ̀ jù. Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ìwádìí tó dúró sí iwájú ilé nìkan ti ṣe bí ọmọdé. Nígbà tí ẹni tó ń kọ́ àwòṣe bá yí páálí rẹ̀ padà tó sì rí i pé òun kò ní ohun tí òun yóò fi sí ẹ̀yìn, ohun tó rí ni ojúsàájú inú àkójọ ẹ̀rí wa.

Àwọn tó Ti Wọn Ilé Ṣáájú

Àwọn mìíràn ti fi irú iṣẹ́ yìí gba ilé là lọ́wọ́ ìgbàgbé. Roye England, ọmọ Ọsirélíà, dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1925. Ó rí i pé àwọn ilé abúlé ní Vale of White Horse ń yí padà tàbí ń parẹ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwòṣe wọn. Iṣẹ́ náà di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Pendon ní ọdún 1954, ní Long Wittenham, níbi tí ojú irin kékeré ti ń gba àárín ilé tí wọ́n wọ̀n lọ́kọ̀ọ̀kan kọjá. Ilé àwọn tálákà abúlé ló pọ̀ jù níbẹ̀, kì í ṣe ààfin. Ojú irin ló ń fa ọmọdé wọlé. Ilé ni ó ń bá lọ sílé nínú ọkàn rẹ̀.

Ní Nàìjíríà, Zbigniew Dmochowski, ayàwòrán ilé tó jẹ́ ọmọ Pólándì, fi ọ̀pọ̀ ọdún wọn ilé ìbílẹ̀ káàkiri orílẹ̀-èdè. Ó kú ní ọdún 1982. Àwòrán rẹ̀ jáde ní ìdìpọ̀ mẹ́ta ní ọdún 1990, ìkejì nínú wọn sì kan gúúsù ìwọ̀ oòrùn. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé iṣẹ́ ilé ìbílẹ̀ tó wà ní Jos tí ó dá sílẹ̀ kọ́ àwòṣe tirẹ̀ ní òdiwọ̀n kíkún, débi tí ènìyàn lè wọ inú wọn. Níwọ̀n ìgbà tí ìwọ̀n bá ti wà lórí ìwé, ilé tó wó kò tíì parẹ́ tán.

Bodys Isek Kingelez ti Kinshasa, tó kú ní ọdún 2015, gba ọ̀nà mìíràn. Òun náà fi páálí àti bébà kọ́ ìlú, ṣùgbọ́n ìlú tí kò tíì sí ni. Kingelez kò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè ẹ̀rí. Ẹni tó bá kọ́ Èkó ọdún 1932 jẹ ẹ́, ibi tí ìyàtọ̀ àwọn méjèèjì wà nìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé abẹ àti gúlúù kan náà ni wọ́n mú dání.

Kétu: Ètò Inú tó Ṣẹ́kù

Láti Èbúté Mẹ́ta, ojú irin gba Yábà àti Múṣin lọ sí Òṣòdì, Ìkẹjà àti Agége. Kò gba Kétu. Ojú ọ̀nà Ìkòròdú ni Kétu gbẹ́kẹ̀ lé, mọ́tò ló sì ń gbé èrò àti ẹrù wá síbẹ̀. Síbẹ̀, orúkọ ládùúgbò rẹ̀ rántí ìwọ̀n: Mile 12, ọjà oúnjẹ ńlá náà, jẹ́ orúkọ òkúta máìlì. Bí wọ́n bá kọ́ máìlì méjìlá ní òdiwọ̀n 1:64, yóò gùn tó mítà 302.

Bí ìlú ṣe ń fẹ̀ jáde kúrò ní Erékùṣù, irú ilé kan bá a rìn. Nínú àròkọ rẹ̀ tó jáde ní ọdún 1984, John Michael Vlach tọ́ka sí bí ilé Àgùdà ṣe di ilé gbogbogbò káàkiri ilẹ̀ Yorùbá: ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan ní àárín, yàrá ní ọ̀tún àti ní òsì. Ọnà ara fèrèsé lè wá, ó sì lè má wá. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ àárín kì í ṣàì wà. Ilé ayálégbé tí àwọn ará Èkó ń pè ní face-me-I-face-you, tó wà ní Kétu, Ìkòsí àti Aláperé bí ó ti wà ní àdúgbò mìíràn, ń lo ètò yìí kan náà. Ojú rẹ̀ kò ní òpó Àgùdà. Blọ́ọ̀kù àti sìmẹ́ńtì ni. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ṣí òrùlé rẹ̀, ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan náà ló wà níbẹ̀.

Fún ẹni tó ń kọ́ àwòṣe, èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Yàrá tó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ mẹ́wàá, tó gùn ní ẹsẹ̀ méjìlá, yóò di mìlímítà 48 sí 57. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹsẹ̀ márùn-ún yóò di mìlímítà 24. Bí yàrá mẹ́rin bá tò ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ilé náà yóò gùn tó mìlímítà 229, láìka sísanra ògiri. Nínú mìlímítà 24 yẹn ni sítóófù kẹrosíìnì yóò dúró sí iwájú ìlẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan, tí ènìyàn tó ga ní mìlímítà 27 yóò sì máa kọjá láàárín wọn. Ìgbà tí wọ́n bá to ère kéékèèké náà síbẹ̀ ni yóò hàn kedere pé bí ìlẹ̀kùn méjì ṣe kọjú síra kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwàdà lásán: ètò náà ló ń pinnu ẹni tó gbọ́ ìjà ẹnìkejì rẹ̀, ẹni tó bá a tọ́mọ, ẹni tó mọ̀ pé kò dáná lálẹ́ àná.

Níbí ni Kétu ti lè ran Erékùṣù lọ́wọ́. Ohun tí fọ́tò ilé Àgùdà kò fi hàn, ìyẹn ìbú ọ̀dẹ̀dẹ̀, bí yàrá ṣe tò, ibi tí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn wà àti bí ó ṣe já sí ibi ìdáná, ni ilé lásán ní Kétu ṣì ń lò. Kò lè jẹ́rìí sí Ilojo Bar ní tààrà, nítorí ilé ayálégbé kì í ṣe ilé ọlọ́lá, ọgọ́rùn-ún ọdún sì lè wà láàárín wọn. Ṣùgbọ́n ó lè sọ ohun tó ṣeé ṣe àti ohun tí kò ṣeé ṣe. Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ilé náà là ń wò kí a tó sọ pé báyìí ni àwọn baba wa ṣe gbé.

Ewu ibẹ̀ ni pé àwọn ilé wọ̀nyí náà ń lọ. Onílẹ̀ ń wó wọn láti fi fúláàtì rọ́pò wọn, ó sì ní ìdí tirẹ̀: omi, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tí ìdílé kọ̀ọ̀kan dá ní, owó ilé tó sàn jù. Kò sí ayálégbé tó yẹ kí ẹnikẹ́ni ní kó dúró sínú ìnira nítorí ìtàn. Ṣùgbọ́n Ilojo Bar ní ìkéde orílẹ̀-èdè, ó ní fọ́tò, ó ní àwọn tó ké nígbà tó wó. Ilé oníyàrá mẹ́jọ kan ní ẹ̀yìn ọjà Kétu kò ní ọ̀kankan. Bí kò bá sí ẹni tó mú téèpù ìwọ̀n wọ inú rẹ̀ kí ó tó wó, ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀ yóò lọ bí ẹ̀yìn Ilojo Bar ṣe lọ.

Ìkádìí

Àwòṣe kò lè rọ́pò ilé. Kò ní òórùn, ẹnikẹ́ni kò sì lè sá òjò sábẹ́ rẹ̀. Ó lè tan ènìyàn jẹ pẹ̀lú, nítorí ògiri tí wọ́n fi àbá kọ́ kì í yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n fi ẹ̀rí kọ́ nígbà tí ọ̀dà bá ti bo méjèèjì. Ojútùú kan wà tó rọrùn: kí ògiri tó ní ẹ̀rí gba ọ̀dà, kí èyí tí kò ní ẹ̀rí wà ní páálí lásán. Ẹni tó bá rìn yí tábìlì ká yóò rí ohun tí òpìtàn mọ̀ àti ibi tí ìmọ̀ rẹ̀ dé.

Bí wọ́n bá kọ́ Èkó ọdún 1932 lọ́nà yìí, ojú ilé yóò tàn láti Ìddó dé Tinúbú, púpọ̀ nínú ẹ̀yìn ilé yóò sì wà ní páálí. Iṣẹ́ tó kù fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìtàn àti iṣẹ́ ilé ni láti dín páálí náà kù. Wọ́n lè bẹ̀rẹ̀ ní Kétu, pẹ̀lú téèpù, ìwé àti ìyọ̀ǹda onílé, kí wọ́n wọ ẹnu ọ̀nà iwájú, kí wọ́n wọn ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà dé òpin rẹ̀, kí wọ́n sì ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn.